Fọ́tò ìgbéyàwó nínú ọgbà ilé àtijọ́: ohun tó yẹ kí onífọ́tò Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ mọ̀

Bí ẹ bá dúró ní Boundary, l'Ájégúnlẹ̀, láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, ẹ máa rí wọn: mọ́tò tí wọ́n so ríbọ́ọ̀nù mọ́ níwájú, ọmọge tó wé gèlè tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má gba ẹnu ọ̀nà kẹ̀kẹ́ Márúwá, àti ọmọkùnrin kan tó gbé báàgì dúdú kọ́ ẹ̀yìn. Ọmọkùnrin yẹn ni onífọ́tò. Ibi tó ń lọ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, torí pé tọkọtaya ìsinsìnyí kì í fẹ́ ya gbogbo fọ́tò wọn sínú họ́ọ̀lù mọ́. Wọ́n fẹ́ koríko. Wọ́n fẹ́ igi ńlá. Wọ́n fẹ́ ilé àtijọ́ tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀ gùn.

Nílùú òyìnbó, ilé ńlá àwọn ọlọ́lá ayé àtijọ́ tó wà lábúlé ni wọ́n ń lò fún irú ẹ̀: ilé gàgàrà, ọgbà òdòdó, adágún omi níwájú. Owó ìgbéyàwó wà lára ohun tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé yẹn fi ń tún òrùlé ara wọn ṣe. Èkó ò ní irú abúlé bẹ́ẹ̀. Àmọ́ a ní ohun tó jọ ọ́, kò sì jìnnà sí Àpápá rárá.

Àpápá fúnra ẹ̀ ti jẹ́ àdúgbò ọgbà rí. Lẹ́yìn tí wọ́n parí èbúté ọkọ̀ òkun níbẹ̀ ní 1926, àti pàápàá láàárín ọdún 1950 sí 1960, LEDB, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń tún Èkó ṣe nígbà náà, gé ilẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ àti ilé gbígbé. Ìdí nìyẹn tí GRA Àpápá fi ní ilé tó jókòó sáàárín àgbàlá ńlá tí igi ṣíji bò. Ẹni tó bá débẹ̀ lónìí mọ̀ pé ọ́fíìsì àti tírélà ti gba púpọ̀ nínú ẹ̀. Èyí tó kù, ilé onílé ni, ẹ ò lè déédéé wọlé torí pé òdòdó yín lẹ́wà lójú yín.

Ibi tí ọ̀pọ̀ onífọ́tò ń sá lọ ni Jaekel House, nínú ọgbà àwọn rélùwéè ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta. Ọdún 1898 ni wọ́n kọ́ ọ, nígbà tí iṣẹ́ ojú irin láti Ìdó lọ sí Ìbàdàn ṣì ń lọ lọ́wọ́. Ọdún 1896 ni iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀, 1901 ni wọ́n ṣí i dé Ìbàdàn. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, irú èyí tí òyìnbó amúnisìn máa ń kọ́, koríko àti igi sì yí i ká. Francis Jaekel tí wọ́n fi sọrí ẹ̀ jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́ rélùwéè, ó fẹ̀yìn tì láàárín àwọn ọdún 1970 lẹ́yìn nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Ní 2010 ni iléeṣẹ́ rélùwéè àti Ọ̀jọ̀gbọ́n John Godwin, ọ̀kan nínú àwọn alámòójútó ẹgbẹ́ Legacy 1995, tún un ṣe, tí wọ́n sọ ọ́ di mùsíọ́mù kékeré. Àwọn irinṣẹ́ rélùwéè àtijọ́ wà nínú ẹ̀, àti fọ́tò àwọn èèyàn àti ìṣẹ̀lẹ̀ láti àwọn ọdún 1940 títí di ẹ̀yìn òmìnira. Ìyẹn wù mí púpọ̀: ẹ ń ya fọ́tò nínú ilé tí fọ́tò kún.

Ìwé yín dà?

Ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ ni kí n kọ́kọ́ sọ, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù. Lọ́dún kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbéyàwó, ó sì ní ọgbà kan tóun rí lórí Instagram lòun fẹ́. (Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀, kì í ṣe Jaekel House.) A dé ẹnu géètì ní aago mẹ́rin ààbọ̀, mọ́tò mẹ́ta, ìyàwó nínú gáùn funfun. Mẹ́gáàdì ò bú wa, kò lé wa. Ó kàn wo onífọ́tò wa, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìwé yín dà?" Onífọ́tò wo ọkọ ìyàwó, ọkọ ìyàwó wo onífọ́tò. Oníkálukú rò pé ẹnìkejì ti ṣe é. Kí wọ́n tó rí ẹni tó ń jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀ pè lórí fóònù, ilẹ̀ ti ń ṣú. Fọ́tò méjìlá péré ni wọ́n rí yà, mẹ́sàn-án nínú ẹ̀ lẹ́bàá ọgbà, níta.

Nítorí náà: ilé ìjọba tàbí ilé ẹgbẹ́, ẹ lọ síbẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, kẹ́ ẹ sì kọ lẹ́tà. Fọ́tò yíyà lásán àti àríyá ṣíṣe, owó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹ béèrè iye èèyàn tí wọ́n gbà láyè, iye wákàtí, bóyá ẹ lè wọ inú ilé àbí ìta nìkan, ibi tí ìyàwó á ti pààrọ̀ aṣọ, àti bóyá wọ́n gbà kẹ́ ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ wá. Iye owó ń yí padà, ẹ má gbà á lẹ́nu ẹni tó lọ lọ́dún tó kọjá. Ẹ gba rìsíìtì, kẹ́ ẹ sì mú un dání lọ́jọ́ náà. Kẹ́ ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn yín pẹ̀lú tọkọtaya pé ta ló máa ṣe èyí. Ẹyọ gbólóhùn kan ni, òun ló sì bá ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jẹ́.

Àwọn ará Àpápá náà, ẹ ṣọ́ra tí ìyàwó bá ní òun fẹ́ kí ọkọ̀ òkun hàn lẹ́yìn òun. Èbúté wà níbẹ̀, NNS Beecroft ti àwọn ológun ojú omi náà wà níbẹ̀, wọn kì í fi kámẹ́rà ṣeré. Dúróònù ńkọ́? Ó gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ kẹ́ ẹ tó fò ó, ì báà jẹ́ lórí ọgbà ìgbéyàwó.

Oòrùn Èkó kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹnikẹ́ni lọ́sàn-án

Èkó sún mọ́ àárín gbùngbùn ayé, ìyẹn ló fà á tí oòrùn fi máa ń dúró sí àtàrí gan-an lọ́sàn-án. Ojú èèyàn á di ihò dúdú méjì, imú á máa dán, gèlè á sì da òjìji bo ìdajì ojú. Aago méjìlá sí mẹ́ta, ẹ má ya ẹnikẹ́ni sórí koríko gbalasa. Ṣáájú aago mẹ́sàn-án àárọ̀ dára. Láti aago mẹ́rin ààbọ̀ dára jù. Oòrùn wa kì í tètè wọ̀ ní ìgbà kan kó wá pẹ́ ní ìgbà mìíràn bíi tòyìnbó. Jálẹ̀ ọdún, nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀ sí aago méje alẹ́ ló ń wọ̀. Ẹ ní bíi wákàtí méjì, ó sì tó.

Tó bá jẹ́ pé ọ̀sán náà ni wọ́n fún yín, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé àtijọ́ ló máa gbà yín. Àwọn tó kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ kò ní ẹ̀rọ amúlétutù, wọ́n gé òrùlé gùn síta kí oòrùn má bàa wọlé. Ẹ gbé ìyàwó síbi tí ìbòòji ti pàdé ìmọ́lẹ̀, kó kọjú síta. Ìmọ́lẹ̀ tó bá ti ilẹ̀ padà wá á rọra kan ojú ẹ̀. Ẹ̀tàn kan wà níbẹ̀ o: koríko tútù máa ń da àwọ̀ ewé sára gáùn funfun àti sábẹ́ àgbọ̀n. Ẹ tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀ níwájú ẹ̀ níbi tí kò ní hàn nínú fọ́tò. Aṣọ ìbùsùn lásán ti tó.

Àwọ̀ dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáùn funfun máa ń da kámẹ́rà lójú rú. Bí ẹ bá fi sílẹ̀ fún un, ó lè sọ ọkọ ìyàwó di òjìji, tàbí kó sọ gáùn di bébà tí kò ní iṣẹ́ ọwọ́ kankan lára. Ojú ni kẹ́ ẹ wọn, kì í ṣe gáùn, kẹ́ ẹ sì ya á ní RAW kẹ́ ẹ lè gba gáùn padà nígbà tẹ́ ẹ bá ń tún un ṣe. Aṣọ òkè tí òwú dídán wà lára ẹ̀ kò fẹ́ràn fíláàṣì tó kọjú sí i tààrà. Ẹ yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ti ojú ọjọ́: oyẹ́ Disẹ́ńbà sí Fẹ́búárì máa ń rọ ìmọ́lẹ̀ lójú, ṣùgbọ́n ó ń da eruku sí lẹ́ǹsì. Oṣù Júùnù, òjò. Ẹ mú agbòòrùn tó dúdú tàbí tó funfun, kì í ṣe èyí tí orúkọ báńkì wà lára ẹ̀.

Ìdílé kọ́kọ́, ìfẹ́ lẹ́yìn

Fọ́tò ìdílé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yà. Màmá àgbà tó ti jókòó láti ìgbà tí wọ́n so yìgì tàbí láti ṣọ́ọ̀ṣì kò lè dúró de ìgbà tẹ́ ẹ máa parí "ẹ wo ojú ara yín". Ẹ gbé àga sábẹ́ igi, ẹ má ní kí àwọn àgbà gun àtẹ̀gùn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ẹ gba orúkọ àwọn tó gbọ́dọ̀ wà nínú fọ́tò sílẹ̀ ṣáájú, kẹ́ ẹ sì bẹ alága kan kó máa pè wọ́n, ohùn ẹ̀ á ju tiyín lọ. Ẹ kúnlẹ̀ díẹ̀ tẹ́ ẹ bá ń ní kí bàbá ìyàwó sún. Mo ti rí onífọ́tò tó na ìka sí bàbá ìyàwó. Ọjọ́ yẹn kò dùn.

Fún àwọn ẹbí tó ń ti Ajégúnlẹ̀ bọ̀, Blue Line tó bẹ̀rẹ̀ ní Sẹ̀tẹ́ńbà 2023 ń dúró ní Suru-Alaba, ó sì ń sọ yín sí National Theatre, ibi tí Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta ti sún mọ́. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tírélà Ìjọrà kò kàn án. Ìyàwó pẹ̀lú gáùn? Rárá o, ẹ bá a háyà mọ́tò.

Ilé náà ńkọ́?

Ilé tó ti lé ní ọgọ́fà ọdún kì í ṣe họ́ọ̀lù. Kò sí ìṣó, kò sí tépù lára ògiri, kò sí èéfín aláwọ̀, kò sí pé kí ọ̀rẹ́ ọkọ mẹ́wàá fò sókè lórí pákó ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má sún ohun mùsíọ́mù kúrò ní àyè ẹ̀ torí pé ó dí lẹ́ǹsì yín. Owó níná sì ńkọ́? Òfin CBN ti 2007 ka fífọ́n náírà síta tàbí títẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀: ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ó kéré tán, tàbí ₦50,000, tàbí méjèèjì. Ní Épírì 2024, ilé ẹjọ́ rán gbajúmọ̀ kan lẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà l'Ékòó lórí ọ̀rọ̀ yìí. Fọ́tò tẹ́ ẹ gbé síta lè di ẹ̀rí.

Nípa gbígbé e síta: lábẹ́ Òfin Copyright ọdún 2022, onífọ́tò ló ni fọ́tò tó yà, àyàfi tí ìwé àdéhùn bá sọ nǹkan mìíràn. Ṣùgbọ́n tọkọtaya tó sanwó pé kí wọ́n ya àwọn fún ìlò ara wọn lè ní kẹ́ ẹ má gbé e síta. Ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó fi wọ́n polówó ara yín.

Àtẹ̀yìnwá kan wà tó ń dùn mí. Ilojo Bar ní Tinubu Square, ilé tí wọ́n kọ́ ní 1855, tí ìjọba kéde gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Ọjọ́ Sọ́ńdè, Sẹ̀tẹ́ńbà 11, 2016, ni wọ́n wó o lulẹ̀. Fọ́tò ló kù tí èèyàn fi lè mọ bí fèrèsé ẹ̀ ṣe rí. Torí ẹ̀ ni mo fi ń sọ fún àwọn onífọ́tò pé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ya ìyàwó tán, kí wọ́n sún sẹ́yìn, kí wọ́n ya ilé náà lódindi lẹ́ẹ̀kan, láìsí ẹnikẹ́ni níwájú ẹ̀. Kí wọ́n kọ ọjọ́ àti orúkọ ilé sórí fáìlì náà, kí wọ́n sì kó gbogbo ẹ̀ sí ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n tó sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.