Ta Ló Kọ́kọ́ Fi Okùn Darí Bàálù Kékeré?

Ṣé ẹ rántí bàálù pépà tí a máa ń jù ní kíláàsì? Ti àwọn ará Amẹ́ríkà ju tiwa lọ. Igi fúyẹ́fúyẹ́ ni, ó ní ẹ́ńjìnnì, wáyà méjì sì so ó mọ́ ọwọ́ ẹni tó ń darí rẹ̀. Fa ọ̀kan, imú rẹ̀ á gbé sókè. Fa èkejì, á dorí kodò. Onítọ̀hún á sì máa yí bírí láàárín!

Jim Walker ará Portland ló gbé Fireball jáde fún títà ní 1940, ó sì gbàwé àṣẹ pé òun ló dá ọgbọ́n náà. Ìgbà tó pe iléeṣẹ́ Leroy Cox lẹ́jọ́, ilé ẹjọ́ ní 1955 ní rárá o: Oba St. Clair ti ṣe é ṣáájú rẹ̀. (Oba lorúkọ ẹ̀ lóòótọ́, kò jọba níbì kankan.)

Síbẹ̀, mi ò fẹ́ kí wọ́n gbàgbé Walker. Òun ló tà á dọ́wọ́ àwọn ọmọdé.