Nígbà Tí Ẹ̀ṣọ́ Bá Kọjú Ìjà sí Ilé

Àwọn àgbà ní bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Òwe yìí bá ìtàn àrùn tí àwọn oníṣègùn ń pè ní myasthenia gravis mu. Ẹni tí ó ń ṣe lè jí pẹ̀lú agbára. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń sọ̀rọ̀ tí ó sì ń ṣiṣẹ́, ohùn rẹ̀ a rẹlẹ̀, ìpéǹpéjú rẹ̀ a wálẹ̀, apá rẹ̀ a rọ. Bí ó bá sinmi, agbára a tún padà.

Ní ọdún 1672, Thomas Willis, oníṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé nípa obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ máa ń lọ bí ó bá ti sọ̀rọ̀ pẹ́. Ní 1877, Samuel Wilks ròyìn ọmọbìnrin kan ní Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n rò pé ìdààmú ọkàn lásán ni ó ń ṣe é. Mímí di ìṣòro fún un, ó sì kú. Wọ́n yẹ ìdí ọpọlọ rẹ̀ wò, wọn kò rí àbùkù kankan.

Ìtọ́jú ni ó ṣáájú òye. Ní 1934, Mary Walker, ní ilé ìwòsàn kan ní Greenwich, fún aláìsàn kan ní abẹ́rẹ́ physostigmine, agbára sì padà fún ìgbà díẹ̀. Inú ẹ̀wà olóró Calabar, èyí tí àwọn Efik ń pè ní esere, ni oògùn náà ti wá. Ẹ̀wà yìí kan náà ni wọ́n ń fún ẹni tí wọ́n bá fura sí pé ó jẹ́ àjẹ́ jẹ láyé àtijọ́. Bí ó bá kú, ẹ̀bi dá lé e lórí.

Kí ẹran ara tó lè ṣiṣẹ́, iṣan tí ń gbé àṣẹ bọ̀ láti ọpọlọ a tu èròjà kan jáde, acetylcholine ni orúkọ rẹ̀. Àwọn ẹnu-ọ̀nà kan wà lára ẹran tí ń tẹ́wọ́ gbà á. Oògùn Walker kì í jẹ́ kí èròjà náà tètè pòórá.

Ní 1960, John Simpson ní Scotland dábàá pé àwọn ẹ̀ṣọ́ inú ẹ̀jẹ̀ ni ó ń bá ẹnu-ọ̀nà wọ̀nyí jà. Ní 1973, James Patrick àti Jon Lindstrom ní California yọ èròjà ẹnu-ọ̀nà náà lára ẹja kan tí ń múni gbọ̀n bí òjìjí, wọ́n sì gún un sára ehoro. Ara ehoro pèsè ẹ̀ṣọ́ láti bá àjèjì náà jà, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ wọ̀nyí kò mọ ìyàtọ̀ láàrin ti ẹja àti ti ehoro. Ehoro sì rọ. Lára ọ̀pọ̀ aláìsàn, ọ̀nà mẹ́ta ni irú ẹ̀ṣọ́ bẹ́ẹ̀ ń gbà ṣe ibi: a dí ẹnu-ọ̀nà náà, a mú kí ẹran tètè gbé e mì, a sì ké sí àwọn èròjà ẹ̀jẹ̀ mìíràn láti fọ́ ọ.

Àìsàn ọmọbìnrin 1877 náà kì í ṣe ti ọkàn lásán. Nítorí náà, kí olùkọ́ tí ó bá rí akẹ́kọ̀ọ́ tí ìpéǹpéjú rẹ̀ ń wálẹ̀ lọ́sàn-án, tí ohùn rẹ̀ sì ń lọ, má tètè pè é ní ọ̀lẹ; oníṣègùn ni kí ó darí rẹ̀ sí.