Kí Ọmọ Mọ Bí A Ti Ń Dẹ Ebìtì

Ọdẹ tí ó bá fẹ́ kí ọmọ òun mọ igbó kì í fi pàṣán lé e kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Yóò mú un dé ìdí ebìtì, yóò fi igi tí ó gbé òkúta ró hàn án, àti ẹ̀kùrọ́ tí a fi ń tan eku, títí ọmọ náà yóò fi rí ìdí tí ẹmọ́ fi ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sábẹ́ ikú. Ebìtì tí kò kún ẹmọ́ lójú ni ó sì ń pa á. Irú ẹ̀kọ́ yìí gan-an ni mo ní ó yẹ ọmọ wa nípa àwọn ìkànnì ayélujára tí ń gba ojú àti ọkàn wọn.

Ní ọdún 1971 ni Herbert Simon, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, ti là á yé ni pé bí ìròyìn bá ti ń pọ̀ sí i ni àfiyèsí ènìyàn yóò máa wọ́n sí i. Ohun tí ó wọ́n sì ni ọlọ́jà ń wá. Nítorí náà ni Facebook fi ń gba ni wọlé lọ́fẹ̀ẹ́, tí ó sì ń ta ojú wa fún àwọn apolówó ọjà. Ọgbọ́n tí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fi ń mú ojú wa dúró kì í ṣe tuntun: B. F. Skinner, onímọ̀ ìhùwàsí ará Amẹ́ríkà, ti fi ẹyẹlé dán irú rẹ̀ wò tipẹ́, ó sì rí i pé èyí tí kò mọ ìgbà tí ọkà yóò jáde ni kì í sinmi à ń fi àgógó sọ bọ́tìnnì. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tí ń fa ojú fóònù wálẹ̀ léraléra, bóyá ẹnìkan ti yin àwòrán rẹ̀. Ní ọdún 2006 ni Aza Raskin, ọ̀kan nínú àwọn tí ń ṣètò ojú ẹ̀rọ, ṣe ojú-ìwé aláìlópin, tí a ń fà wálẹ̀ tí kì í tán, èyí tí òun fúnra rẹ̀ ti kábàámọ̀ ní gbangba.

Àlọ́ abẹ́ òṣùpá dùn, ọmọ a sì máa bẹ̀bẹ̀ pé kí ìyá àgbà fi ọ̀kan kún un, ṣùgbọ́n àlọ́ ní òpin, nítorí ẹni tí ń pa á fẹ́ kí ọmọ sùn. Ilé-iṣẹ́ tí ń ta ojú ọmọ kò fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan ní kí a kúkú gba fóònù lọ́wọ́ wọn. Mo fara mọ́ ọn fún ọmọ kékeré. Ṣùgbọ́n ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ọmọ tí èèwọ̀ nìkan bá sìn jáde yóò bá ẹ̀rọ náà pàdé lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 2017, Sean Parker, ààrẹ àkọ́kọ́ Facebook, jẹ́wọ́ pé àwọn mọ̀ pé àìlera ọkàn ènìyàn ni àwọn ń lò. Bí ẹni tí ó dẹ ebìtì bá mọ̀, kí ni ó dé tí ọmọ kò fi gbọdọ̀ mọ̀?

Kí olùkọ́ gbé fóònù kan sórí tábìlì. Kí àwọn ọmọ béèrè ẹni tí ó fi bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan síbẹ̀ àti èrè tí ó ń rí. Kí wọ́n ka iye ìgbà tí yóò dún láàrin wákàtí kan. Kí wọ́n sì pa ohun tí YouTube fi ń ti fídíò kan bọ òmíràn, kí fídíò parí, kí ojú ẹ̀rọ dákẹ́, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan sì sọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ fẹ́ ṣe nígbà tí ó dákẹ́.