Bí Dátà Tó Sọnù Ṣe Ń Padà

Ká ní ẹnì kan fi 50,000 náírà ránṣẹ́ láti àkáǹtì kan sí òmíràn. Kọ̀ǹpútà ti yọ owó níbi kan, kò tíì fi í sí ibì kejì, iná bá lọ. Níbo ni owó wà?

Irú ìbéèrè yìí ni Jim Gray àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá ìdáhùn sí láàárín àwọn ọdún 1970, nígbà tí wọ́n ń ṣe dátábéèsì System R ní ilé ìwádìí IBM, San Jose, California. Ara ohun tó jẹ́ kí Gray gba ẹ̀bùn Turing ní 1998 nìyẹn. Òfin kan ló wá fìdí múlẹ̀: kí àyípadà kankan tó dé ara dátà tó wà lórí dísìkì, kí àkọsílẹ̀ rẹ̀ ti kọ́kọ́ dé inú log, ìyẹn ìwé tí ẹ̀rọ ń kọ ohun gbogbo tó ń ṣe sí lẹ́sẹẹsẹ.

Ní 1992, C. Mohan àti àwọn mẹ́rin mìíràn ní IBM gbé ọ̀nà ARIES jáde. Bí ẹ̀rọ bá jí, yóò ka log láti mọ iṣẹ́ tó parí àti èyí tó dúró sójú ọ̀nà. Yóò wá tún gbogbo rẹ̀ ṣe, títí kan èyí tí kò parí, kó tó padà sẹ́yìn láti tú àwọn tí kò parí náà ká. Kí ló dé tó fi ń tún ohun tó máa tú ṣe? Kí dátà lè rí gẹ́lẹ́ bó ti rí nígbà tí iná lọ ni, kí ohun tó fẹ́ tú lè wà níbi tí log sọ pé ó wà. Ohun tó bá sì tú, ó ń kọ ọ́ sínú log, kó má baà tú u lẹ́ẹ̀mejì bí iná bá tún lọ. Ọgbọ́n yìí wú mi lórí gan-an.

Àmọ́ bí dísìkì bá bàjẹ́, tàbí tí ẹnì kan bá ṣàṣìṣe pa dátà rẹ́, ẹ̀dà ìpamọ́ ló kù. Wọ́n á dá ẹ̀dà tí wọ́n ṣe, ká ní lọ́jọ́ Àìkú, padà, wọ́n á fi log àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e lé e lórí, títí di ìṣẹ́jú tó ṣáájú ìbàjẹ́ tàbí àṣìṣe náà. Dátábéèsì PostgreSQL bẹ̀rẹ̀ sí í lo irú log yìí ní 2001. Ní 2005 ló tó lè dá dátà padà sí àkókò téèyàn bá yàn.

Àmọ́ ẹ̀dà ìpamọ́ náà lè kùnà. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní 2017, òṣìṣẹ́ kan ní GitLab, ilé-iṣẹ́ tí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ń tọ́jú iṣẹ́ wọn sí, pa fódà dátà PostgreSQL rẹ́ lórí server tí kì í ṣe èyí tó ní lọ́kàn. Kó tó dá a dúró, nǹkan bí 300 gígábáìtì ti ku 4.5. Ọ̀nà ìpamọ́ márùn-ún ni wọ́n ní, kò sí èyí tó ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ètò pg_dump tó yẹ kó máa ṣe ẹ̀dà jẹ́ ẹ̀yà 9.2, PostgreSQL tí wọ́n ń lò sì jẹ́ 9.6, nítorí náà kò rí ẹ̀dà kankan ṣe. Ímeèlì tó yẹ kó ké gbàjarè kò wọlé. Ẹ̀dà tí wọ́n ṣe ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà ṣáájú, torí iṣẹ́ mìíràn, ló kó wọn yọ; ohun tó wọ dátábéèsì láàárín wákàtí wọ̀nyẹn ti lọ. Wọn ò fi bò o: orí YouTube ni wọ́n ti ń ṣàtúnṣe níṣojú gbogbo ayé. Lẹ́yìn náà, wọ́n pinnu pé kí ẹ̀rọ máa dá ẹ̀dà ìpamọ́ padà déédéé fún ìdánwò, kí ẹnì kan pàtó sì máa dáhùn fún un.