Láti Àgbádárìgì dé Kútọnu, Èmi àti Màámi

Aago mẹ́fà àárọ̀. Kí n tó lajú, Màámi ti wẹ̀, wọ́n ti wé gèlè, wọ́n ti gbé báàgì lé itan lẹ́nu ọ̀nà òtẹ́ẹ̀lì. "Ṣé ìwọ lo ní ká wá ṣeré àbí èmi ni?"

Aago mẹ́jọ kọjá. Etí ọ̀sà l'Ágbádárìgì ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà. Àwọn míṣọ́nnárì CMS ló kọ́ ọ. 1842 ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀, 1845 ni wọ́n parí rẹ̀. Ọkùnrin tó ń mú wa káàkiri ń ka ọdún lọ ràì, Màámi ò dá sí i. Orúnkún ni wọ́n ń bá fà á lórí àtẹ̀gùn. Àfi ìgbà tó dárúkọ Àjàyí Crowther! Ọmọ Aké l'Ábẹ́òkúta ni Màámi, St Peter's ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣèrìbọmi, ni wọ́n bá gba ìtàn lẹ́nu ẹlẹ́nu. Wọ́n ní ogun ló há Crowther àti Townsend, míṣọ́nnárì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, mọ́ Àgbádárìgì láti ìbẹ̀rẹ̀ 1845 títí di àárín 1846, kí ọ̀nà Abẹ́òkúta tó là. Nígbà tí Crowther débẹ̀, ó rí Àfàlà ìyá rẹ̀, tí ogun ti yà á nípa láti 1821. "Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n! Ìyá sì mọ ọmọ!" Àwọn àlejò tó wà lẹ́yìn wa fi ẹni tí wọ́n sanwó fún sílẹ̀, wọ́n wá rọ̀gbà yí Màámi ká.

Aago mẹ́wàá. Sẹ̀mẹ̀. Ẹnubodè, ìwé ìrìnnà, yẹ́lò káàdì àjẹsára, ìlà gígùn, oòrùn. Màámi ló bá àwọn tó ń ṣẹ́ náírà sí sẹ́fà nájà. Ẹni tó ti ń ta àdìrẹ n'Ítòkú láti ìgbà èwe kì í gba iye tí wọ́n bá kọ́kọ́ pè. Lójú ọ̀nà, wọ́n rí ìgò ràgàjì ràgàjì lórí tábìlì, ohun pupa rẹ́súrẹ́sú kún inú wọn. "Oyin mà pọ̀ níbí o!" Dẹ́rẹ́bà fẹ́rẹ̀ẹ́ já síhò lẹ́rìn-ín: epo bẹntiróò ni, kpayo tí wọ́n ń gbé wá láti ọ̀dọ̀ wa.

Ọ̀sán gangan. Àjàṣẹ́, tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Benin. Móṣáláṣí ńlá ibẹ̀ jọ ṣọ́ọ̀ṣì pátápátá, tilé-ìṣọ́ tiwíńdò. Àwọn Agudà ló fà á, àwọn tó padà dé láti oko ẹrú ní Brazil pẹ̀lú iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n kọ́ ní Bahia. 1912 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Nítòsí rẹ̀, mo fi "Bonjour" kí obìnrin kan tó ń dín àkàrà. Gèlè Màámi ló wò. "Ẹ káàsán, mà." Ó tán! Ó fi ajere gbọn òróró nù, ó bu ata gígún sẹ́gbẹ̀ẹ́ àkàrà nínú bébà, ó sì gbé àpótí fún Màámi. Nígbà tí wọ́n fi béèrè ọmọ, ọkọ àti iye ẹ̀wà tán, àyè àtilọ wo ààfin Ọba Toffa ti lọ. N ò bínú. Ààfin ò ní dá wa lóhùn báyẹn.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Kútọnu. Ère obìnrin jagunjagun Dàhómì, tí wọ́n ṣíṣọ lójú rẹ̀ ní 2022, ga tó mítà 30. Màámi ká ọrùn sẹ́yìn títí gèlè fi tú.

"Ṣé àwọn wọ̀nyí ló wá ká wa mọ́lé?"

"Àwọn ni, mà."

Lẹ́ẹ̀mejì ni Dàhómì kọlu Abẹ́òkúta, ní 1851 àti 1864. Wọn ò rí i mú. Ìtàn tí Màámi gbọ́ lẹ́nu ìyá wọn ni pé àwọn Ẹ̀gbá ò mọ̀ pé obìnrin ni wọ́n ń bá jà, àfi ìgbà tí wọ́n tú aṣọ lára òkú. Wọ́n tún gèlè wé. "Obìnrin gidi ni, ó gbìyànjú. Yà mí pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n jẹ́ kó hàn pé àwa la borí." Ẹsẹ̀ ère nìkan ló wọ fọ́tò.

Aago méje alẹ́. Ẹja yíyan létí òkun, oorun.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ mú òbí yín gba ọ̀nà yìí, ọmọ ECOWAS lẹ jẹ́, 90 ọjọ́ lẹ lè lò láìgba físà. Ẹ gba yẹ́lò káàdì sílẹ̀, ẹ ṣẹ́ owó yín ní Sẹ̀mẹ̀, kẹ́ ẹ sì jẹ́ káwọn àgbà bá wọn nájà.