Wíwo Iṣẹ́ Ẹnìkejì ní Kíláàsì Àwòrán

Odò Odaw tí ó ń gba ẹ̀bá Odawna kọjá ní ìlú Àkrà ti kọ́kọ́ gba agbègbè Achimota kọjá kí ó tó dé ibẹ̀. Ẹni tí ó bá ń wá ìtàn bí ẹ̀kọ́ àwòrán ṣe wọ ilé-ìwé ní apá ibí yìí, kí ó tọ odò náà lọ sí òkè.

Ní ọdún 1909 ni ìjọba Gold Coast fi ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n pè ní ẹ̀kọ́ ọwọ́ àti ojú sí inú ìwé ètò àwọn ilé-ìwé. Olùkọ́ a gbé ìkòkò tàbí àpótí ka orí tábìlì. Ọmọ kọ̀ọ̀kan a yà á bí ó ti rí i. G. A. Stevens, Òyìnbó tí ó dé ní ọdún 1924 tí ó sì kọ́ni ní Achimota, kò fara mọ́ èyí. Ó rọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti ya ohun tí wọ́n mọ̀ nílé, ó sì fi ère ilẹ̀ Áfíríkà hàn wọ́n bí ohun iyì.

Síbẹ̀, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àṣà ti àkọ́kọ́ ni ó bá wa kalẹ́. Ilé-ìwé tí ó ní kí ogójì ọmọ da ìkòkò kan ṣoṣo kọ náà ni ó ń na ọmọ tí ó bá yọjú wo bébà ọ̀rẹ́ rẹ̀. Jíjí ìwé wò ni a pè é. Èmi náà ti na ọmọkùnrin kan fún un. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń bá a wí nítorí ẹnu ìkòkò tí ó ń yà róbótó bí owó. Mo jáde díẹ̀. Nígbà tí mo padà, ó ti yà á dáadáa. Ọmọbìnrin tí ó jókòó tì í ni ó sọ fún un pé láti ibi tí àwọn jókòó sí, ẹnu ìkòkò rí bí ẹyin tí a fi lélẹ̀. N kò rí ọ̀rọ̀ yẹn sọ rí.

Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wa kò mọ irú ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ wọn ní ìpele: ọnà lílé, alétúnlé, dídán, fínfín, ère kan náà sì lè gba ọwọ́ ènìyàn púpọ̀ kọjá. Ní Ọyẹ́-Èkìtì, níbi iṣẹ́ tí àwọn Àlùfáà Kátólíìkì dá sílẹ̀ láti ọdún 1947 títí di 1954, Bámidélé, ọmọ Aréògún ti Ọ̀sì-Ìlọrin, ni Lámídì Fákẹ́yẹ bá ṣiṣẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Lámídì ti kọ́ iṣẹ́ díẹ̀ ní ilé baba rẹ̀ kí ó tó débẹ̀.

Èyí tí ó yà mí lẹ́nu jù ni ti Zaria. Ní ọdún 1958, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà níbẹ̀, Uche Okeke, Demas Nwoko, Bruce Onobrakpeya, Yusuf Grillo àti àwọn mìíràn, dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láàárín ara wọn. Òyìnbó ni ó pọ̀ jù nínú àwọn olùkọ́ wọn, ẹ̀kọ́ Yúróòpù ni wọ́n sì ń kọ́ wọn. Lẹ́yìn kíláàsì ni àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí ń pàdé, tí wọ́n ń jiyàn lórí iṣẹ́ ara wọn, tí olúkúlùkù sì ń mú ìtàn àti ọnà ìlú rẹ̀ wá. Ẹgbẹ́ náà túká ní ọdún 1961. Onobrakpeya lọ kọ́ ọmọ ní St Gregory's ní Èkó láti ọdún 1963 títí di 1980.

Àgbà ni wọ́n, mo mọ̀. Wọn kì í ṣe ọmọ kíláàsì kẹta. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti ka ìtàn wọn ni mo ti ń fi bébà ńlá kan fún ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin, kí wọ́n ya ọjà. Ariwo wọn pọ̀. Ọmọ tí ó lágbára a fẹ́ gba búrọ́ọ̀ṣì mọ́ ìyókù lọ́wọ́, nítorí náà ọwọ́ ọmọ tí ó lọ́ra jù ni mo ń kọ́kọ́ fi í lé. Olùbẹ̀wò kan bi mí pé ta ni ó ni máàkì nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo ní kí ó bi àwọn ọmọ náà. Wọ́n fi ọwọ́ hàn án: ti ẹni yìí ni igi, ti ẹni yẹn ni ìyá aláta, ojú ọ̀run sì jẹ́ ti gbogbo wọn.