Ìgbì Òkun àti Ìtẹ̀dó Àgbádárìgì: Àkíyèsí láti Etí Òkun Gbẹ̀rẹ̀fù

Ìbéèrè kan ni a fẹ́ dáhùn nínú àpilẹ̀kọ yìí: kí ló dé tí ìlú tí òkìkí rẹ̀ kàn nínú òwò ojú òkun kò fi sí létí òkun gan-an? Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ sọdá ọ̀sà láti Àgbádárìgì, tí ó sì rin yanrìn Gbẹ̀rẹ̀fù já, yóò rí ìdáhùn níwájú rẹ̀. Ìgbì ńláńlá ń fọ́ síbẹ̀ láìsinmi. Kò sí ibi ìsádi fún ọkọ̀.

Láti nǹkan bí 1730 sí 1740 tí ìlú náà ti di ojúkò òwò ẹrú, òkèèrè ni ọkọ̀ àwọn Òyìnbó ń dúró sí. Ọkọ̀ kéékèèké tí a ń fi àjẹ̀ tù ló ń la ìgbì kọjá. Àwọn atukọ̀ láti Gold Coast wà lára àwọn tí a ń háyà fún iṣẹ́ eléwu yìí.

A lè sọ pé ààbò ni àwọn atẹ̀lúdó ń wá lẹ́yìn ọ̀sà. Ṣùgbọ́n ọ̀sà kò gba ìlú náà lọ́wọ́ Dàhọ̀mì, tí ó fọ́ ọ ní 1784. Èkó ní ẹnu tí ọ̀sà gbà wọ òkun. Àgbádárìgì kò ní. Lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861, kò lè bá a díje mọ́.

Ní tiwa, bí a bá ń fi ilé àti ààfin nìkan kọ ìtàn ìlú, yanrìn tí àwọn ẹrú fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kẹ́yìn ni a ó fò dá.